Bọ́ọ̀sì tó ń dé lásìkò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún aráàdúgbò tó fẹ́ kí ìjọba Èkó náwó sí ọkọ̀ èrò

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tí ìdúró ní ibùdókọ̀ ti sú. Èkó la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta á kàn pààrọ̀ orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ kan náà ni.

Kí gan-an ló yẹ ká bèèrè? Ṣebí bọ́ọ̀sì tuntun ni?

Rárá o, ó kéré tán kò yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Àpò méjì ni owó ọkọ̀ ti ń jáde nínú ìṣúná ìjọba. Àpò kìíní ni ti iṣẹ́ àkànṣe: rírà bọ́ọ̀sì, kíkọ́ ibùdókọ̀, títún ojú ọ̀nà ṣe. Òun ni wọ́n ń gé rìbọ́n sí, òun ni fọ́tò ń pọ̀ lórí rẹ̀. Àpò kejì ni ti ìnáwó ojoojúmọ́: epo, táyà, owó oṣù awakọ̀ àti ti mẹkáníìkì. Ẹnikẹ́ni kì í gé rìbọ́n nítorí táyà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Bọ́ọ̀sì tí ẹ rí tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ọgbà lè má tíì gbó rárá. Ó lè jẹ́ táyà méjì àti bátìrì kan ló so ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè bọ́ọ̀sì 20, tí wọ́n sì fún yín láìsí owó ìtọ́jú, kò ní pẹ́ tí ẹ máa fi lọ máa wò wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí.

Àlàfo ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú aago tí ọkọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí. Kó jẹ́ gbólóhùn kan tí ọmọ iléèwé lè kà sórí: "A fẹ́ bọ́ọ̀sì kan ní ìṣẹ́jú 15-15, láti aago 5 ìdájí sí aago 10 alẹ́, láti ibi báyìí dé ibi báyìí." Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní aago lọ́wọ́ lè wò ó bóyá wọ́n mú un ṣẹ. "A fẹ́ kí ìjọba ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀" kò ṣeé wò.

Ta la máa kọ lẹ́tà sí?

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ló dá LAMATA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọkọ̀ èrò, sílẹ̀ lọ́dún 2002. Òun ló ń ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, òun ló ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, òun náà ló gbé BRT (bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀) àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú ní 2015. Ti Ọ̀ṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Lẹ́tà lórí àlàfo, aago àti ojú ọ̀nà tuntun, LAMATA ni kó lọ bá, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ìrìnnà ní Àlàùsá.

Ti owó yàtọ̀. Gómìnà ló ń gbé ìṣúná lọ sílé ìgbìmọ̀, àwọn aṣòfin 40 ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ mọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín níbẹ̀, kí ẹ sì mọ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ìrìnnà. Alága káńsù kò lè fún yín ní BRT, àmọ́ òun lẹ máa bá wí lórí iná ojú pópó, gọ́tà, ọ̀nà inú àdúgbò àti ibòji ibùdókọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé títì ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ̀ ń gbà, irú bí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ihò tó wà lójú títì náà kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀. Lẹ́tà tó kó ihò, bọ́ọ̀sì àti iná mọ́ra wọn máa ń tọ ọwọ́ mẹ́ta kiri láìrí ẹni tó máa dá a lóhùn. Ohun kan, lẹ́tà kan, ọ́fíìsì kan.

Báwo la ṣe máa fi hàn pé ìyà ń jẹ wá?

Ẹ ka ọkọ̀. Kò sí ohun tó lágbára tó o, kò sì gbówó lórí: bírò mẹ́rin, ìwé, aago.

Ẹ mú ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Èèyàn mẹ́rin ló tó. Ẹnì kan ń ka ọkọ̀ tó ń lọ, ẹnì kejì ń ka èyí tó ń bọ̀, ẹnì kẹta ń ka àwọn tó tò sórí ìlà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹnì kẹrin ń sinmi kó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹ̀. Aago 5:30 sí 9 àárọ̀, aago 4 sí 9 alẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lò, torí èrò Ọjọ́ Ajé àti ti Ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe èrò gbogbo ọjọ́. Ẹ má kà á nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, wọ́n á ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ ni.

Ẹ fa ìlà márùn-ún sórí ìwé: aago tí ọkọ̀ dé gan-an, irú ọkọ̀ (BRT, dánfó, kórópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá), ibi tó ń lọ, bó ṣe kún tó, iye èèyàn tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Fún bó ṣe kún, lẹ́tà mẹ́ta péré ni kí ẹ fi sàmì: O fún òfo, À fún àbọ̀, K fún kíkún. Ẹ fi àmì kẹrin kún un, X, fún bọ́ọ̀sì tó ti kún tó sì kọjá láìdúró. Àwọn X yìí ni ẹ̀rí yín tó le jù. Lórí ìwé iléeṣẹ́ ọkọ̀, bọ́ọ̀sì yẹn "dé" ibùdókọ̀ yín; lójú ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ló fẹ́ kọjá.

Bírò lórí ìwé dára ju fóònù lọ. Fóònù ń kú, òjò ń pa á, ẹni tó bá sì nàka fóònù sí ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta á fa ojú àwọn ọmọ gáréèjì mọ́ra. Ẹ lọ kí olórí gáréèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé èrò lẹ ń kà, ẹ ò ka owó rẹ̀.

A kà á, wọ́n ní "lójú tiwa, ọkọ̀ ń dé ní ìṣẹ́jú 20-20." Irọ́ ni àbí òótọ́?

Ó lè jẹ́ òótọ́, kí ìyà ṣì máa jẹ yín. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọkọ̀ kan dé ní aago 6, òmíràn ní 6:05, òmíràn ní 6:50, ti ìkẹyìn ní aago 7. Àlàfo mẹ́ta nìyẹn láàárín wákàtí kan: 5, 45, 10. Bí wọ́n bá pín 60 sí mẹ́ta, 20 ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ní 6:06 dúró ìṣẹ́jú 44, torí pé àlàfo tó gùn ló ń kó èrò jọ jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bọ́ sínú 45 yẹn.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò iye ìṣẹ́jú tí èèyàn kan ń dúró, bí a bá pín in dọ́gba, nìyí. Ẹ fi àlàfo kọ̀ọ̀kan lu ara rẹ̀: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, 45 lọ́nà 45 jẹ́ 2,025, 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 2,150. Ẹ pín in sí ìlọ́po méjì àkókò tí ẹ fi kà á, ìyẹn 120. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 18. Bí ọkọ̀ bá ń dé ní 20-20 gẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 10 péré ni èèyàn kan ì bá máa dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú lẹ́tà, ẹ sì kọ àlàfo tó gùn jù pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mọṣẹ́ á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Báwo la ṣe mọ iye bọ́ọ̀sì tí ìbéèrè wa máa gbà?

Ẹ wọ ọkọ̀ náà lọ, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ bọ̀, pẹ̀lú ìsinmi awakọ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba ìṣẹ́jú 120, tí ẹ sì fẹ́ àlàfo 15, ẹ pín 120 sí 15: bọ́ọ̀sì 8 ni. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì kún un fún èyí tó bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Awakọ̀ ọ̀wọ́ méjì lójúmọ́ jẹ́ 16, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi wọn, ẹ kà á sí 20.

Wàyí o, ká ní sún kẹrẹ fà kẹrẹ sọ 120 yẹn di 180. Bọ́ọ̀sì 8 kan náà á máa dé ní ìṣẹ́jú 22 àti ààbọ̀. Kí àlàfo tó padà sí 15, ẹ nílò bọ́ọ̀sì 12. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀nà àdáni fún bọ́ọ̀sì, tí dánfó àti mọ́tò aládàáni ò gbọ́dọ̀ wọ̀, ń ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀sì mẹ́rin láìjẹ epo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ bèèrè ojú ọ̀nà kí ẹ tó bèèrè ọkọ̀. Níbi tí títì bá sì há jù fún ọ̀nà àdáni, ẹ bèèrè fún oríta tó ń dí ọ̀nà jù nìkan. Ọgọ́rùn-ún mítà níwájú iná tráfíìkì lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú padà.

Ìgbà wo nínú ọdún ló yẹ ká lọ?

Ọdún ìṣúná Èkó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó ń parí ní oṣù kejìlá. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ ná jọ láti àárín ọdún, gómìnà sì sábà máa ń gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Lẹ́tà tó bá dé lóṣù kejìlá ti bá ọjà tó ti tú.

Torí náà: kí ẹ ka ọkọ̀ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, kí òjò àti iléèwé wà níbẹ̀. Lẹ́tà kó wọ LAMATA àti iléeṣẹ́ ìrìnnà ní ìparí oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Bí wọ́n bá pe ìpàdé gbọ́-tẹnu-aráàlú lórí ìṣúná ní ẹkùn yín, ẹni méjì ni kó sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ máa fi sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bá ń pe àwọn iléeṣẹ́ wá ṣàlàyé ìṣúná wọn, ẹ ti gbọ́dọ̀ rí aṣòfin yín ṣáájú, kó lè bá yín béèrè ìbéèrè kan péré: èló ló wà fún títọ́jú bọ́ọ̀sì, èló ni wọ́n sì ná nínú ti ọdún tó kọjá?

Wọ́n ò fẹ́ fi ìwé hàn wá ńkọ́?

Òfin FOI ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé ìjọba wò, láìsọ ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pinnu pé òfin náà mú ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ "a ò gbà á wọlé ní ìpínlẹ̀ wa" ti parí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Bí adájọ́ bá rí i pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń bèèrè "gbogbo ìwé nípa BRT". Ẹ dárúkọ ìwé náà: iye bọ́ọ̀sì tó jáde lójúmọ́ lórí ojú ọ̀nà yín láàárín oṣù kan, àlàfo tí àdéhùn sọ pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé, owó ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ àti èyí tó jáde. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sórí èyí tí ẹ ń mú padà lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀, ẹ ò ní ẹ̀rí pé ọjọ́ 7 yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onídánfó ò ní gbógun tì wá?

Wọ́n á gbógun bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé bọ́ọ̀sì ńlá á gba oúnjẹ ẹnu wọn, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọn ò yọ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW sílẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó wa bọ́ọ̀sì náà. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ ní kí bọ́ọ̀sì ńlá gba títì gbangba, kí kórópe àti àwọn ọkọ̀ kékeré máa kó èrò láti inú àdúgbò wá pàdé rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé awakọ̀ ojú ọ̀nà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, olórí gáréèjì tó ń wò yín kọ̀rọ̀ lè wá jókòó sípàdé.

Reluwé ti dé. Ṣé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ṣì ṣe pàtàkì?

Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, ibùdó 5. Red Line tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá 2024, Àgbádo sí Oyíngbò, kìlómítà 27, ibùdó 8. Ẹni tílé rẹ̀ jìnnà sí ibùdó ní kìlómítà mẹ́ta, tí kẹ̀kẹ́ gba ju owó reluwé lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì rí reluwé gùn. Ẹ ka bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ibùdó náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ka ti títì, kí ẹ sì wò ó bóyá ìgbà tó ń dé bá ìgbà tí reluwé ń gbéra mu.

Àwọn aláàbọ̀ ara, arúgbó, ìyá ọlọ́jà tó gbé ẹrù?

Èkó ní òfin tirẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní oṣù kìíní 2019, ó fún àwọn ilé tó wà fún gbogbo èèyàn ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé.

Ẹ mú téèpù ìdíwọ̀n lọ síbùdókọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ìwọ̀n tó bójú mu fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni 1 sí 12: bí pèpéle bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 1.8. Èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ dá gùn ún á yí padà sẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti ilẹ̀ ọkọ̀, lóròó àti níbùú, ní bọ́ọ̀sì márùn-ún, torí awakọ̀ kan ń sún mọ́ ọn, òmíràn ń dúró lókèèrè. Èyí tó ń dúró lókèèrè yẹn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló nílò, kò gba sìmẹ́ǹtì kankan. Ti ẹrù ọlọ́jà, ẹ sọ ìwọ̀n àti aago ní pàtó, irú bí "agbọ̀n kan, láàárín aago 5 sí 6:30 ìdájí". Bí ẹ bá ní "ẹrù" lásán, wọ́n á rántí àpò gaàrí mẹ́wàá.

Ṣé a lè ní kí owó ọkọ̀ wálẹ̀?

Ẹ lè ní bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba Èkó dín owó ọkọ̀ rẹ̀ kù ní ìdajì láti oṣù kẹjọ. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n tún gé ìdá mẹ́rin kan. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè nínú lẹ́tà kan náà pé àpò wo ló máa di àlàfo owó náà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá san án fún iléeṣẹ́ ọkọ̀, bọ́ọ̀sì díẹ̀ ni yóò máa jáde, ẹ ó sì máa dúró púpọ̀ de ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń fi owó sínú káàdì Cowry tí èrò fi ń sanwó ọkọ̀: aago tó ń ṣí, aago tó ń tì, bó ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ tó.

Ìbuwọ́lùwé mélòó ló tó?

Igba tó ní orúkọ, àdúgbò àti ibùdókọ̀ tí oníkálukú ń lò dára ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ọwọ́ kan náà kọ. Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan péré tó bá jẹ́ ayédèrú ti ba ìyókù jẹ́. Nọ́ńbà fóònù kò yẹ kó wà lórí ìwé tí ẹ ń gbé fún ìjọba.

Ìwọ́de ńkọ́? Ṣé dandan ni ká gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá?

Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti pinnu ní 2007 pé kì í ṣe dandan. Àmọ́ ẹ kọ̀wé sọ fún wọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n lè dáàbò bò yín, ẹ sì gba òǹtẹ̀. Ẹ má dí ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Èrò inú rẹ̀ ni ẹ̀ ń jà fún. Kí èèyàn 60 tò síbùdókọ̀ láìwọkọ̀ ní aago 7 àárọ̀, kí wọ́n gbé káàdì tí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tí oníkálukú ti dúró sí, fọ́tò ìyẹn á rìn jìnnà ju ti ariwo lọ.

Olóṣèlú kan fẹ́ gbé owó fún ẹgbẹ́ wa.

Ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á. Ìwé àti bírò kò tó ohun tí ẹ máa ta orúkọ yín fún. Ẹ pe gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú sípàdé kan náà, ìbéèrè kan náà, ìṣẹ́jú kan náà.

Wọ́n ti gbà, bọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé a lè lọ sinmi?

Oṣù àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń dùn. Tó bá di bí oṣù mẹ́ta, bọ́ọ̀sì kan á bàjẹ́, wọ́n á mú òmíràn lọ sí ojú ọ̀nà mìíràn, aago 10 alẹ́ á di aago 8 láìsí ìkéde. Ẹ padà sí ibùdókọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí kan náà, ìwé onílà márùn-ún kan náà, nígbà tí ọkọ̀ bá pé oṣù kan, oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà. Ẹ gba ìròyìn ìnáwó ìjọba tó ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ wo ìlà ìtọ́jú ọkọ̀ bóyá owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti jáde. Kí ẹni méjì, ó kéré tán, máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìkà àkọ́kọ́, sílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá kó kúrò ládùúgbò láìfi ẹ̀dà sílẹ̀, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi èyí tuntun wé.